Wọ́n ní tọ́píìkì sẹ́mínà mi fẹ̀ ju ọjà Kútọ̀ lọ, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́_Hístri
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. 300 level ni mo wà, History ni mò ń kà, semẹ́sítà yìí sì la máa ṣe sẹ́mínà. Àwa méjìdínlógún la wà níbẹ̀, kálukú ló máa kọ pépà ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wá dúró níwájú lẹ́kíṣọ̀ mẹ́ta àti gbogbo kíláàsì, á sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á wá máa da ìbéèrè bò ó. Mo mú "Ipa Àwọn Obìnrin Nínú Ìtàn Yorùbá" lọ bá sùpáfáísọ̀ mi, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ fi gbogbo ayé mi kọ ọ́ ni. Mo lọ gé e kù, ó di "Ipa Àwọn Obìnrin Nínú Ìtàn Ẹ̀gbá", torí ará Abẹ́òkúta ni màmá mi. Ó tún dá a padà, ó ní ó ṣì fẹ̀ ju ọjà Kútọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù o. Mi ò mọ ibi tí mo tún fẹ́ gé mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá gé e jù mi ò ní rí nǹkan kọ.

Baba_Láíbìrì
Fọkàn balẹ̀ àbúrò. Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá tèmi padà.

Ọ̀rọ̀ "ipa" yẹn ló ń bá ẹ jà. Lé e jáde nínú àkọlé ẹ lónìí. Torí pé "ipa" kì í bi èèyàn ní nǹkan kan, gbogbo ohun tó o máa ṣe ni pé kó o máa to orúkọ, Mọremí ṣe báyìí, Ẹfúnṣetán ṣe tọ̀hún, Tinúubú ṣe èyí, ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti kún, o ò sì tíì jiyàn kankan. Sẹ́mínà ò fẹ́ kó o ròyìn, ìbéèrè kan ló fẹ́ kó o gbé dání, kó o máa lé e kiri.

Abẹ́òkúta lo fẹ́, ó dáa. Gbogbo wa la mọ ìjà owó orí 1947, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí lọ sí ààfin Aláké. Wàá ní gbogbo ayé ti kọ ọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ gbọ́ èyí: 1918 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí l'Abẹ́òkúta, tọkùnrin tobìnrin ló ń san án. 1918 sí 1947, ó ku ọdún kan kó pé ọgbọ̀n ọdún. Kí ló dé tó jẹ́ 1947 ni wọ́n tó ní ó tó gẹ́ẹ́? Kí ló dé tí kì í ṣe 1925, tí kì í ṣe 1935? Lọ fi ìyẹn sùn, kó o jí pẹ̀lú ẹ̀, ìgbà yẹn lo máa mọ ohun tí sùpáfáísọ̀ ẹ ń sọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Aláké
Sisí, wá ìwé Biobaku, *The Egba and Their Neighbours*. Gbogbo ohun tó o fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, má dààmú ara ẹ.

Baba_Láíbìrì
Bọ̀ọ̀dá, 1872 ni ìwé yẹn parí sí o, ó wà lára àkọlé ẹ̀. Ìwé gidi ni, 1957 ló jáde, àmọ́ ibi tó ti dákẹ́, ó ṣì ku ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó bí Fúnmiláyọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Aláké
Ẹ má bínú, mi ò tíì kà á dé ìparí.

Baba_Láíbìrì
Ẹ̀yìn ìwé ni mò ń wí, mi ò tíì dé inú.

Ìyá_Akadá
Ẹ̀rín yín pọ̀ jù. Mo ti ń gba sẹ́mínà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí fún bí ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àwa tá a jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn máa ń wò, torí àwọn ọmọ máa ń rò pé gẹ̀ẹ́sì ńlá là ń fún ní máàkì.

Tí ọmọ bá dìde, ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó ní ìbéèrè tàbí kò ní. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Odùduwà, mo ti mọ̀ pé kò ní, mo sì máa ń káàánú ẹ̀ torí mo mọ̀ pé àárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ó máa tó dé 1947, aago á ti lù. Tó bá wá ní ìbéèrè, ohun tí mo tún ń wò ni pé kí ló gbé ìdáhùn ẹ̀ lé? Ìwé tẹ́nì kan ti kọ nìkan ni àbí ó rí nǹkan kan tó jẹ́ ti ìgbà yẹn gan-an, lẹ́tà, ìwé ìròyìn, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹnu àgbàlagbà tó wà níbẹ̀. Ọmọ tó mú lẹ́tà kan ṣoṣo wá tó tú u wò dáadáa, tó sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, ohun tí ẹni yẹn ń fẹ́, ohun tí kò sọ, mo lè fún un ní A lórí lẹ́tà kan yẹn. Mi ò sọ̀ ọ́ fún àsọdùn.

Àdùkẹ́, oríire ẹ pọ̀ tó o bá ń kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, torí ìwé Fúnmiláyọ̀ fúnra ẹ̀, àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ìwé Herbert Macaulay wà. National Archives sì wà nínú ọgbà kan náà. O lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ìkan dé èkejì. Nínú áákáífù, fáìlì ìjọba ni wàá rí, tí ẹ̀ka Abẹ́òkúta ń jẹ́ Abe Prof. Ohun tí Fúnmiláyọ̀ kọ wà níhìn-ín, ohun tí Òyìnbó kọ nípa ẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Kó o gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sẹ́mínà dé.

Ìwé tó o máa kọ́kọ́ kà kó o tó lọ: *For Women and the Nation*, Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba ló kọ ọ́, 1997. Nina Mba tún ní *Nigerian Women Mobilized*, 1982. Judith Byfield ní ìwé kan lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta, ó tún ní òmíràn tó jáde ní 2021 lórí ìjà yìí gan-an. Ka ìtọ́kasí tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé wọn ju ojú ewé fúnra ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ nọ́ńbà fáìlì sí.

Àdùkẹ́_Hístri
Háà, ẹ ṣeun mà. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ọmọ 300 level wọlé síbẹ̀? Mo rò pé àwọn tó ń ṣe PhD nìkan ló ń lọ áákáífù.

Baba_Láíbìrì
Wọ́n máa jẹ́ kó o wọlé. Lọ gba lẹ́tà ní dìpátímẹ́ǹtì ẹ pé ọmọ àwọn ni ẹ́ àti ohun tó o fẹ́ wá wò, HOD fọwọ́ sí i, gbé ID card dání, owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀ náà, béèrè iye tó jẹ́ lọ́wọ́ wọn tó o bá débẹ̀. Tó o bá wọlé, wọn ò ní jẹ́ kó o lọ máa fọwọ́ yọ fáìlì fúnra ẹ o, ìwé tó ní orúkọ gbogbo fáìlì ni wọ́n máa gbé fún ẹ, wàá kọ nọ́ńbà èyí tó o fẹ́ sórí pépà pélébé, wọ́n á lọ bá ẹ gbé e wá. Ó lè pẹ́. Iná lè lọ. Pẹ́ńsù ni kó o gbé lọ, má gbé bírò sítòsí ìwé ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ṣáájú kó o tó yọ fóònù láti yà á, béèrè, torí òfin wọn wà lórí fọ́tò àti fọtokọ́pì, ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń yà á ní jìbìtì, ojú á tì í.

Má rò pé ọjọ́ kan lo máa fi rí nǹkan. Ọjọ́ kìíní, ìwé orúkọ fáìlì nìkan lo máa kà. Èmi rò pé mo ti fi owó mọ́tò ṣòfò lọ́jọ́ yẹn, àṣé ọjọ́ yẹn ló gbà mí là.

Tóbi_Sósíò
Ẹ̀yin ará History ẹ fẹ́ràn eruku jù. Èmi Sociology ni mo ṣe, sẹ́mínà tèmi lórí àjọ ni, àwọn alájọ tó ń gbowó kiri nínú ọjà. Ìbéèrè mi ni pé báńkì wà lójú títì níbẹ̀, POS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, kí ló dé tí ìyá alátà fi ń fún ọkùnrin tó gbé ìwé pélébé dání lówó ẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan ju àmì tí ọkùnrin yẹn fi bírò fà?

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe, kí ẹlòmíì má ṣe é: aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo lọ. Ìyá àkọ́kọ́ tí mo bá, mo yọ fọ́ọ̀mù jáde, mo bẹ̀rẹ̀ gírámà. Ó wò mí, ó ní "Ọmọ mi, mi ò tíì tajà àkọ́tà, o wá ń bi mí léèrè owó." Mo ká fọ́ọ̀mù mi kò. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé bí aago méjì ọ̀sán, tí oòrùn bá mú tí oníbàárà fọ́n ká, ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀. Mo ra ata, mo jókòó, mi ò yọ ìwé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó béèrè ohun tí mo wá béèrè, mo sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ilé ìwé ni, mi ò ní kọ orúkọ wọn, ẹni tí kò bá fẹ́ kí n gba ohùn òun sílẹ̀, mi ò gbà á. Èèyàn méjìlá péré ni mo bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé iwájú àwọn lẹ́kíṣọ̀, ẹnì kan ní méjìlá kéré jù, mo ní mi ò sọ pé gbogbo ọjà ni, mo ní ohun tí méjìlá wọ̀nyí sọ ni mo tú wò. Wọ́n gbà á.

Èyí tó kù ni tíọ́rì. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ní kó o fi tíọ́rì gbe pépà ẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ á kàn lẹ Karl Marx mọ́ ojú ewé kẹta bí ìgbà tí wọ́n ń lẹ sítáńbù mọ́ lẹ́tà, látìbẹ̀ lọ dé ìparí o ò ní rí Marx mọ́. Tí o ò bá máa lò ó, má pè é. Ka Fádípẹ̀ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe nǹkan lórí àwùjọ Yorùbá, *The Sociology of the Yoruba*, 1939 ló ti parí iṣẹ́ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kú ní 1944, 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó pẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń pè ní tuntun ló ti wà níbẹ̀.

Aláròyé_Lingú
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Àdùkẹ́ látojú èdè. Tó o bá débi tí wàá máa fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbàlagbà lẹ́nu wò l'Abẹ́òkúta, má lọ fi gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó o wá ju Yorùbá ẹ̀ nù. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, tòun ti ẹnu Ẹ̀gbá ẹ̀, fi ìtumọ̀ sísàlẹ̀. Torí wo ọ̀rọ̀ kan bíi "owó orí". Nínú fáìlì Òyìnbó, tax ni wọ́n máa kọ, ó parí síbẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu ìyá tó ń san án, orí lọ̀rọ̀ wà. Orí ta ni? Ọkọ mi ti san ti orí ẹ̀, kí ló dé tí èmi náà tún máa san ti orí tèmi, ṣé orí mi ń jókòó sínú ìpàdé tẹ́ ẹ ti ń náwó yẹn ni? Kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà nígbà yẹn. Ìyẹn nìkan, tó o bá fi ojú ewé méjì tú ọ̀rọ̀ kan yẹn, kò sí ẹni tó máa ní àtúnkọ ni.

Ohun kejì, àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú áákáífù tí wọ́n ní "àwọn obìnrin ọjà" ló kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé akọ̀wé ni wọ́n sanwó fún kó bá wọn fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Tó o bá wá rí "we most humbly beg", má lọ kọ ọ́ sínú pépà pé àwọn obìnrin náà rẹ ara wọn sílẹ̀ o. Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé nìyẹn. Orin tí wọ́n kọ lójú títì ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n fi bú Aláké dé ibi tí mi ò lè kọ síbí.

Àwa ní dìpátímẹ́ǹtì tiwa, Yorùbá la fi ń kọ sẹ́mínà látòkèdélẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ìyẹn rọrùn. Wá gbìyànjú ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n ní kó o ṣàlàyé fónẹ́tíìkì láì lo gẹ̀ẹ́sì. Ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ṣe ló ń gbà wá.

Láńre_Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Ìlú Òyìnbó ni mo ti ṣe ìwé tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, sẹ́mínà kì í ṣe nǹkan tẹ́nì kan ń dìde ṣe lẹ́ẹ̀kan kó sì jókòó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Bí èèyàn méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á jókòó yí tábìlì ká, ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kà ti wà nílẹ̀ látọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́kíṣọ̀ ò ní kọ́ yín, ó kàn máa bèèrè "ẹ̀yin rò?" ó máa wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn burú ju ẹgba lọ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ò la ẹnu, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, mo ń dúró kó pe orúkọ mi. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó yá ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ṣé mi ò kàwé ni. Èmi tí mo ti kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì!

Ọdún kẹta ni wọ́n máa ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Special Subject, fún àwọn tó ń ka History, ìwé ìgbà yẹn gan-an lẹ máa kà, ẹ ó máa jiyàn lórí ìpínrọ̀ kan fún wákàtí kan gbáko. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá síbí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ẹnu jiyàn láti ilé.

Ìyá_Akadá
Láńre, ohun tó o sọ yẹn dùn mí dé ọkàn. Lọ́dọ̀ tiwa kíláàsì mìíràn tó àádọ́jọ èèyàn, mi ò lè fi tábìlì yí wọn ká, sẹ́mínà nìkan ni ibi tí mo ti ń gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n máa ka sláìdì fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo ChatGPT láti wá ìtọ́kasí, a ń rí yín o. Ọmọ kan mú ìwé mẹ́rin wá tí òǹkọ̀wé wọn wà lóòótọ́, àmọ́ kò sí èyí tó kọ ìwé yẹn nínú wọn. Mo ní kó lọ gbé ìkan wá fún mi láti láíbìrì. Títí di òní ló ṣì ń wá a.

Kọ́lá_Pólísáì
Ẹ ò sọ̀rọ̀ item seven. Níbi tí mo ti kàwé, tó ò bá ra mít páì àti málíìtì fún àwọn tó wá gbọ́ sẹ́mínà ẹ, ìbéèrè á le. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó kan ni mo ná lọ́jọ́ yẹn, mo yá a lọ́wọ́ rúùmeètì mi.

Ìyá_Akadá
Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kó lọ jẹun kó tó wá.

Tóbi_Sósíò
Ẹ gbà á mọ́ra mà, kò ní kú. Àmọ́ èmi náà ra páì.

Àdùkẹ́_Hístri
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi mo ti padà dé o. Mo lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí bí bọ̀ọ̀dá Láíbìrì ṣe wí, ọjọ́ kìíní mi ò fọwọ́ kan fáìlì kankan, orúkọ fáìlì ni mo ń kọ sílẹ̀ títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ tì. Àmọ́ níbi tí mo ti ń ka orúkọ yẹn, ohun tí mi ò lọ wá ló ń hàn sí mi. Mo rò pé owó orí ni mo máa rí lọ bẹẹrẹbẹ, ìrẹsì ni mò ń rí. Ìrẹsì, oúnjẹ, iye owó tí ìjọba fà lé oúnjẹ lórí nígbà ogun Hitler. Mo bá tún padà sínú ìwé Johnson-Odim àti Mba, àṣé ó wà níbẹ̀ tí mo fò ó: nígbà ogun yẹn wọ́n máa ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta, owó tí wọ́n sì ń san fún wọn ò tó nǹkan, àwọn ìyá ọjà tó wá ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó kàwé ló gbé ẹjọ́ yẹn síwájú wọn. Nígbà tó yá ẹgbẹ́ yẹn di ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lápapọ̀ ní 1946, gbogbo ayé sì wọlé.

Mo wá lọ bá sùpáfáísọ̀ mi pẹ̀lú èyí: "Láti Orí Ìrẹsì Dé Owó Orí: Kí Ló Mú Àwọn Obìnrin Ọjà Abẹ́òkúta Dìde ní 1947?" Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní "lọ kọ ọ́."

Baba_Láíbìrì
Inú mi dùn débi pé mo ka èyí sókè fún ìyàwó mi.

Ìyá_Akadá
Ó káre. Ṣọ́ra fún ohun kan: má sọ pé ìrẹsì ló *fa* 1947. Sọ pé ó wà lára ohun tó kó wọn jọ, kó o wá fi hàn bó ṣe kó wọn jọ. Ìyàtọ̀ kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa ti gbá ẹ mú. Tó o bá fẹ́ lo *Aké* ti Ṣóyínká náà, lò ó, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ní 1947, àmọ́ àgbàlagbà ló fi kọ ọ́, 1981 ni ìwé náà jáde. Ìrántí ni. Sọ bẹ́ẹ̀ nínú pépà ẹ.

Kọ́lá_Pólísáì
Fún ọjọ́ yẹn gan-an: tẹ pépà ojú ewé kan jáde tó ní àkọlé, ìbéèrè, déètì mẹ́rin márùn-ún àti àyọkà kan, pín in fún gbogbo èèyàn. Iná máa lọ. Tí iná bá lọ prójẹ́kítọ̀ kú, ìwọ ṣì wà láàyè. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ kan gbọ́ ẹ kà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ogún ìṣẹ́jú kì í tó bí èèyàn ṣe rò. Nínú kíláàsì, àwọn kan wà tí wọ́n máa bi ẹ́ ní ìbéèrè kí lẹ́kíṣọ̀ lè rí wọn, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, dá wọn lóhùn ní ṣókí, má bínú.

Láńre_Leeds
Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní ohun tó ò mọ̀, sọ pé "mi ò rí i nínú àwọn ìwé tí mo kà, àmọ́ ibi tí mo máa wá a sí nìyí." Ó dáa ju kéèyàn máa hun irọ́ lọ.

Àdùkẹ́_Hístri
Mo ti ṣe é o!!! Ìjẹta ni. Iná lọ lóòótọ́, ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, Ọlọ́run á ṣe é fún yín, pépà tí mo pín ni gbogbo wọn ń wò.

Mo sọ bó ṣe ti orí ìrẹsì bẹ̀rẹ̀, mo sọ òpin oṣù kọkànlá 1947 tí wọ́n sùn síwájú ààfin, mo sọ pé 1948 ni owó orí obìnrin dáwọ́ dúró, pé ní oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀, pé ó tún padà ní 1950. Mo ti ń rò pé mo ti bọ́. Bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ó ní "O kọ ọ́ níbí pé obìnrin 10,000 ló wà níwájú ààfin. Ta ló kà wọ́n?"

Mo dákẹ́. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo ti rí nọ́ńbà yẹn níbi púpọ̀, mi ò fìgbà kankan bi ara mi ní ẹni tó kà á. Mo wá rántí ẹ̀gbọ́n Láńre, mo ní sà, mi ò rí ẹni tó kà wọ́n nínú ohun tí mo kà, ìwé tó gbé nọ́ńbà náà ni mo tọ́ka sí, àmọ́ màá padà sínú fáìlì lọ wò ó bóyá ọlọ́pàá kọ iye kan sílẹ̀, màá tún wo ìwé ìròyìn *West African Pilot* ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tá a jáde, sùpáfáísọ̀ mi ní nígbà tí mo bá dé 400 level, kí n má wá tọ́píìkì prójẹ́ẹ̀tì kiri, ìbéèrè bàbá yẹn ni kí n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Aláké
Ẹ kú oríire o. Mo ti wá ka Biobaku parí, 1872 ló parí sí lóòótọ́.

Fẹ́mi_Bẹẹrẹ
Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibí ni. Èmi náà máa ṣe sẹ́mínà lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kọ "Ìtàn Ìlú Ìbàdàn Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Títí Di Òní". Ṣé ó dáa?

Àdùkẹ́_Hístri
Fẹ́mi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ọdún wo nínú ẹ̀? Àdúgbò wo? Kí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn níbẹ̀?

Fẹ́mi_Bẹẹrẹ
Ó dáa, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Bàbá bàbá mi wà nínú Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó bá ìjọba jà lórí owó orí. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn wà níbẹ̀ ní 1969 lọ́jọ́ tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, àmọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ ọ́, ìtàn yẹn máa ń yàtọ̀ díẹ̀. Mo ti máa ń fẹ́ mọ ìdí ẹ̀.

Baba_Láíbìrì
Ṣé bàbá ṣì wà láyé?

Fẹ́mi_Bẹẹrẹ
Wọ́n wà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ẹnu wọn ṣì gbó.

Baba_Láíbìrì
Pa fóònù yìí dé kó o lọ bá wọn. Sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe fún wọn, gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà, má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Tọ́píìkì lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.